Bàbá Onílẹ̀kùn àti Hóró Oògùn Tí Kò Fẹ́ Fi Sílẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àga, kì í ṣe tábìlì. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá bá a, tẹ̀ríntẹ̀rín ni á fi júwe ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn fún un. Ilẹ̀kùn nìkan. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà lẹ́nu rẹ̀, débi pé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, inú ìwé nìkan ló kù sí. Bàbá Onílẹ̀kùn ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Bó bá wọ ilé onílé, kò ní tíì kí wọn tán tí ojú rẹ̀ á ti wà lára férémù. Á ṣí ilẹ̀kùn, á pa á dé, á tún un ṣí, á dẹ etí sí i. "Ilẹ̀kùn yín ń ráhùn o," ni á wí. "Hínjì tòkè ló ń bá tìsàlẹ̀ ṣiṣẹ́." Ìyàwó rẹ̀, tó ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà, tí òun náà kò sì ní orúkọ mìíràn lẹ́nu aráyé ju Tíṣà lọ, á rọra fà á láṣọ lẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí àwọn èèyàn ná. Àbí ilẹ̀kùn ló pè wá wá kí i?"

Òórùn ló fi ń mọ igi. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, lẹ́yìn ilé ìtajà ọ̀dà, níbi tí òrùlé ti ń jò lápá kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ibẹ̀. Àbúrò á bu èérún igi sọ́wọ́, á ní kí ẹ̀gbọ́n òun di ojú, á gbé e sí i nímú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Bàbá Onílẹ̀kùn á fà á símú, á sì dá orúkọ igi náà. Kò ṣì í rí.

Imú yìí gan-an ló kọ́kọ́ dí.

Ta ni ì bá rí káfíńtà tí imú ń dùn tí kò ní dá eruku igi lẹ́bi? Òun fúnra rẹ̀ dá a lẹ́bi. Ó ra ìbòmú, ó ra oògùn tí wọ́n ń kán símú, ó gbé ẹ̀rọ tí ń la igi sún mọ́ ojú fèrèsé. Dókítà mẹ́ta ló rí láàárín oṣù márùn-ún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní eruku ni. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nímú rẹ̀ láràárọ̀ bí èèpo. Lẹ́yìn náà ni etí òsì dí. Tíṣà á bá a sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná, kò ní dáhùn. Obìnrin náà kò kà á sí àìsàn rárá, ó ní gbogbo ọkọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ni orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ìrora náà ti kó lọ sí ọrùn ọwọ́. Ọjọ́ kẹta, ó ti dé kókósẹ̀, bí ayálégbé tí kò rí yàrá tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àmì pupa wẹ́wẹ́ wá yọ sí i lójúgun méjèèjì. Tíṣà, ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ lo bíírò pupa, tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló ń máàkì yín báyìí?" ló béèrè. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kọjá àwàdà, ilẹ̀kùn ńlá kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ní ilé ìwé kan, ọlọ́nà méjì, tó wúwo. Àbúrò di apá kan mú, ẹ̀gbọ́n di apá kejì mú. Ikọ́ dé. Bàbá Onílẹ̀kùn fi ilẹ̀kùn ti ògiri, ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó wú u síbẹ̀, ó sì yára ká a pọ̀. Àbúrò ti rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, kí nìyẹn?"

"Eruku ni."

"Eruku wo ló ń pọ́n báyìí?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pákó, láàárín ayùn àti agolo gọ́ọ̀mù, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Dókítà tí wọ́n bá lọ́jọ́ náà jẹ́ obìnrin, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ wọn obìnrin tó ti lọ sí ilé ọkọ lọ. Ó kúrú débi pé ó máa ń gun àpótí kó tó lè wo etí ẹni tó bá ga. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo imú. Ó béèrè etí, ó béèrè orúnkún, ó ní kí ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì tẹ ojú àmì pupa náà wò. Ó wá gbé ike kékeré kan fún un.

"Ẹ lọ tọ̀ sínú èyí fún mi, Bàbá."

"Imú ló gbé mi wá, Dókítà."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà fún mi nítọ̀ náà."

Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ ọ̀hún, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn mú bíńtín lára kíndìnrín rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Dókítà Kékeré (orúkọ tí aláìsàn náà ti fún un lọ́kàn nìyẹn) fa àga sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ṣàlàyé fún tọkọtaya náà.

"Kálukú ló ní ọmọ ogun nínú ara rẹ̀ tí ń bá kòkòrò àìsàn jà. Tiyín ti ṣi ilé mọ̀. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ yín ni wọ́n ń lù, àwọn iṣan tín-ín-rín, ti imú, ti etí, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti kíndìnrín. Ó ń wú, ó ń gbóná. Ibì kan ń jò, ibì kan ń dí."

"Ta ló rán wọn?" Tíṣà ló béèrè.

"Kò sẹ́ni tó rán wọn, Mà. A ò tíì mọ ohun tó ń fà á gan-an. Kì í ṣe ẹ̀bi Bàbá. A ò sì lè ní eruku igi ló ṣe é."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fa oògùn tó lágbára sí i lára, wọ́n sì ń fún un ní hóró oògùn funfun kékeré, méjìlá láràárọ̀. Àwọn méjìlá yìí ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là, kò sì jiyàn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọn kò bá a ṣe é bí ọ̀rẹ́. Ojú rẹ̀ wú roboto. Ebi kan wọ inú rẹ̀ tí kò mọ àyẹ́sí: ó lè jẹ odindi búrẹ́dì kan kó sì tún máa béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ lọ́sàn-án. Inú rẹ̀ a máa bí sí ṣíbí. Ọjọ́ kan ó sunkún nítorí pé wọ́n polówó ọṣẹ lórí rédíò.

"Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo fẹ́," Tíṣà sọ fún ọmọ wọn lórí fóònù. "Méjì ló kù sí mi lọ́wọ́ báyìí. Ọ̀kan ń jẹun, èkejì ń bínú."

Síbẹ̀, òun ló ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ló ń ka ìwé ìròyìn sí i ní etí ọ̀tún tó ń gbọ́ràn, tí á sì máa ṣàtúnṣe gírámà àwọn oníròyìn bó ṣe ń kà á lọ.

Díẹ̀díẹ̀, ara bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ikọ́ lọ. Àmì ojúgun parẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, Dókítà Kékeré wo àwọn èsì àyẹ̀wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iná náà ti kú. Hóró méjìlá ti di ẹyọ kan lójúmọ́. Bàbá Onílẹ̀kùn dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó dúpẹ́ gidi gan-an, ó ní ó dàbọ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

Ó jókòó.

"Iná kú, ẹ̀yinná wà lábẹ́ eérú. Bí a bá yíjú sẹ́yìn, á tún ràn. Iṣẹ́ pípa iná la ti ṣe. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọ ló kù, ìyẹn ló sì gùn. Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ẹ ó wá jókòó, a ó fa oògùn kan sí yín lára tí kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun yẹn tún gbéra. Lóṣooṣù, ẹ ó fún wa ní ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Ọdún méjì ó kéré tán. Lẹ́yìn náà a ó tún jọ sọ ọ́."

Bàbá Onílẹ̀kùn wo ìyàwó rẹ̀. Tíṣà ti ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó ní ẹ̀yìn búlúù. Kò gbé ojú sókè. "Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná," ló wí. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, Dókítà. Oṣù wo la bẹ̀rẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe di ará yàrá kejì nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn. Àga mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àga ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń wólẹ̀. Wọ́n á so àpò omi oògùn kọ́ lókè orí, á sì máa kán tó, tó, tó, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì kan tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú ló ń rí iṣan fún gbogbo wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá Onílẹ̀kùn wọ yàrá náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fa ilẹ̀, ariwo rẹ̀ sì tó láti jí òkú. Kò lè fara dà á. Ìgbà kejì, ó kó irinṣẹ́ dání sínú àpò oúnjẹ Tíṣà. Kí wọ́n tó so omi mọ́ ọn lápá, ó ti tú ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti fági ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti dá a padà. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ bínú, ó ní ta ló fún un láṣẹ. Ó ti ilẹ̀kùn náà wò pẹ̀lú ìka kan. Ó lọ wọ́ọ́rọ́. Ó tún un tì. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá Bàbá lè wo ti yàrá tí wọ́n ń kó oògùn pamọ́ sí náà bó bá ráyè.

Ní ilé, ìgbé ayé wọn yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, nítorí oògùn tó ń pa iná náà ti dín agbára àwọn ọmọ ogun kù, òtútù tó ń ṣe ẹlòmíràn fún ọjọ́ méjì lè gbé e dè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ọmọ wọn tí ikun bá ń yọ nímú rẹ̀, ojú fèrèsé ló ti ń juwọ́ sí bàbá àgbà. Agbára ìgbóòórùn kò padà bọ̀ sípò. Àbúrò kò torí ìyẹn dẹ́kun bíbu èérún igi wá. Ẹ̀gbọ́n á di ojú, á fà á símú, kò ní gbọ́ òórùn kankan, á sì méfò. Àbúrò á pariwo pé, "Ó bọ́ sí i!" Ó mọ̀ pé irọ́ ni Àbúrò ń pa. Àbúrò náà mọ̀ pé ó mọ̀. Wọn kò bá ara wọn sọ ọ́ rí.

Lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní yàrá àga mẹ́fà yẹn, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Awakọ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì akérò, tí àìsàn kan náà ń ṣe. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń mi àpò omi lókè. Òun ló kọ́ Bàbá Onílẹ̀kùn bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ kan jẹ ọsàn. Ìgbà kẹta tí wọ́n lọ, Awakọ̀ kò sí níbẹ̀. Ìgbà kẹrin, wọ́n pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù, wọ́n di báńdéèjì mọ́ ọn lápá.

"Mo rò pé mo ti gbádùn ni," ló wí. "Nǹkan kan ò dùn mí. Mo ní kí ni mò ń jókòó sí níbẹ̀ nígbà gbogbo? N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n ò kàn lọ mọ́. Ó gba inú kíndìnrín wọlé, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ló ń bá mi fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀."

Lọ́nà ilé lọ́jọ́ náà, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni Bàbá Onílẹ̀kùn kọjú sí. Nígbà tí Tíṣà bi í léèrè, ó ní oorun ló ń kun òun.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Oṣù kan lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tó pé ọdún méjì tó ti wọ ilé ìwòsàn, Dókítà Kékeré gbé ìròyìn ayọ̀ kalẹ̀: oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára yóò máa bá a lọ, ṣùgbọ́n àsìkò tó láti fi hóró funfun náà sílẹ̀. Ó ti ń jẹ egungun rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó fún un ní hóró tuntun tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, márùn-ún nínú rẹ̀ ló tó ẹyọ kan ti àtijọ́. Kó máa lo mẹ́rin lójúmọ́ ní oṣù yìí, mẹ́ta ní oṣù tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tán. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ti àtijọ́, kó dá a padà fún àwọn olóògùn nísàlẹ̀.

"Mo ti gbọ́, Dókítà," ni Bàbá Onílẹ̀kùn wí, ó sì ki ìgò ti àtijọ́ sí àpò.

Kò dá a padà. Láràárọ̀, níwájú Tíṣà, á gbé hóró mẹ́rin kéékèèké mì bí ọmọ gidi. Bó bá dé ṣọ́ọ̀bù, á lọ sí ẹ̀yìn àwọn agolo gọ́ọ̀mù, á mú odindi ẹyọ kan nínú ìgò àtijọ́, á gbé e mì láìlo omi. Kì í ṣe pé ó gbádùn rẹ̀. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti dá èèyàn dúró létí kòtò, ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tú u? Nígbàkígbà tó bá gbé e mì, ojú Awakọ̀ ló máa ń rí.

Ọjọ́ kan, ó dé ibẹ̀, kò bá ìgò náà níbi tó fi í sí. Ó ti wà ní pẹpẹ òkè, níbi tó gbẹ. Ó wo Àbúrò, Àbúrò ń fági tirẹ̀ lọ, kò wojú rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ náà mọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Wọ́n padà lọ rí Dókítà Kékeré. Ó ka èsì àyẹ̀wò, ó tún un kà, ó di ojú pọ̀.

"Bàbá, ó yẹ kí ṣúgà yín ti máa wálẹ̀. Ó lọ sókè ni. Ẹ sì ti wúwo sí i. Nǹkan kan wà tí n kò mọ̀ níbí." Ó fa ìwé sún mọ́ra. "Ẹ jẹ́ kí n fi oògùn ṣúgà kún un fún yín."

Ó ti ń kọ ọ́ lọ. Bàbá Onílẹ̀kùn wo bíírò náà tó ń sáré lórí ìwé. Ó lè fi oògùn ọ̀hún pa ọ̀rọ̀ mọ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún wo ọwọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin náà, ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú lọ́jọ́ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún kíndìnrín rẹ̀. Ojú tì í.

"Dókítà, ẹ má kọ ọ́."

Bíírò dúró.

"Mò ń lo ti àtijọ́ kún un. Ojoojúmọ́. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù." Ó fi ojú sí ilẹ̀. "Tíṣà ò mọ̀ sí i o. Ẹ má bá a wí."

Tíṣà wú ikọ́ kékeré kan, irú èyí tó máa ń wú kó tó pe orúkọ ọmọ tó ń ṣeré ní ẹ̀yìn kíláàsì.

"Mo mọ̀," ló wí.

"O mọ kí ni?"

"Láti oṣù kejì. Mo gbé oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò sí níbẹ̀. Ta lẹ rò pé ó gbé ìgò náà kúrò níbi tí òjò ti ń jò sí i?"

Ọkùnrin náà yíjú sí i, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. "Ìwọ ni? O wá dákẹ́?"

"Kí ni ǹ bá sọ?" Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ohun tí wọn kì í sábà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ní bó bá jẹ́ òun ló ń dáàbò bo ọkọ mi, kó má ti ọwọ́ mi bọ́."

Dókítà Kékeré fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n rò pé ó ń bínú ni, kí wọ́n tó rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. "Ẹ̀yin méjèèjì!" ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì!" Àwọn náà bú sẹ́rìn-ín, tiwọn sì lọ́ mọ́ omijé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ó fi àga rẹ̀ sún mọ́ wọn. Bàbá Onílẹ̀kùn sọ ọ̀rọ̀ Awakọ̀ fún un, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Bàbá, oògùn tí a ń fà sí yín lára ni ọkùnrin yẹn sá fún, kò sì bi ẹnì kankan. Oògùn yẹn ló ń ṣọ́ eérú fún yín báyìí, òun pẹ̀lú àyẹ̀wò oṣooṣù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Hóró yìí ti ṣe tirẹ̀. Ẹ wò ó, ara yín fúnra rẹ̀ máa ń pèsè irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti sùn, torí ẹ ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rọra dín in kù, ká má fi ìpayà jí i. Ẹ má sì torí ohun tí mo sọ yìí délé kẹ́ ẹ jù ú nù lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn léwu ju èyí tẹ́ ẹ ṣe lọ."

Wọ́n fi àwọn hóró kéékèèké nìkan ṣe ètò mìíràn, èyí tó falẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ òwú fún wọn ní nọ́ńbà fóònù, ó ní bó bá jẹ́ imú, bó bá jẹ́ ìtọ̀ tó pọ́n, bó bá jẹ́ kìkì ẹ̀rù lásán, kí wọ́n pè. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìgò náà dé ọ̀dọ̀ àwọn olóògùn nísàlẹ̀.

Kò rọrùn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dín ẹyọ kan kù, gbogbo oríkèé ara rẹ̀ á máa ro ó fún ọ̀sẹ̀ kan, á rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ru pákó gun òkè. Àbúrò gba gbogbo iṣẹ́ gbígbé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó jókòó kó máa wọn nǹkan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó ku hóró méjì lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ pupa yọ nínú áńkáṣíìfù. Tíṣà kò tilẹ̀ parí aṣọ wíwọ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bára mu, wọ́n ti dé ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n yẹ imú wò. Ẹ̀ẹ̀rùn ló mú imú náà gbẹ, ó sì fi ìka họ ọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ ò lè fi imú yín sílẹ̀ fún wákàtí kan," Tíṣà wí nígbà tí wọ́n ń jáde, ó sì wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi wá wò wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí ló gbé hóró tó kẹ́yìn mì. Ní ọjọ́ kejì, ó jí, ó bu omi sí kọ́ọ̀bù, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ kejì ṣófo. Tíṣà ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ó mu omi náà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti padà tẹ́ẹ́rẹ́, àyàfi ọ̀pá imú tó wọlé díẹ̀. Etí òsì kò gbọ́ràn mọ́, Tíṣà sì ní òun ti fura pé ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í kọjú sí òun. Ní ọdún kẹrin, wọ́n gbìyànjú láti fi àyè tó gùn sí i sáàárín ìgbà tí wọ́n ń fa oògùn sí i lára. Kò ṣe é bí ẹni pé nǹkan kan wà, ó ń jẹ, ó ń ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò oṣù kan fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ bíńtín ti tún wà nínú ìtọ̀. Wọ́n tètè dá a padà sí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, àìsàn náà sì rọlẹ̀, kò fọwọ́ kan kíndìnrín. Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé kẹta nìyẹn, ó sì fa ìlà sí i nídìí. Àárọ̀ yẹn ni Bàbá Onílẹ̀kùn ṣíwọ́ bíbéèrè ìgbà tí yóò parí. Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ àga náà mọ́ àwọn ọjọ́ tó ń dé bí wọ́n ṣe máa ń dé, bí ọjọ́ ìgbẹ̀yìn oṣù.

Ohun tó kù ni ti ọkọ̀. Kí wọ́n tó so omi náà mọ́ ọn, wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ kan kí ara má bàa kọ oògùn náà, abẹ́rẹ́ ọ̀hún sì máa ń kó oorun bá a. Kò lè wakọ̀ padà sílé. Àbúrò ló ń gbé wọn tẹ́lẹ̀, títí iṣẹ́ fi pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ni Tíṣà bá ní òun ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Gbogbo ẹbí rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ tí kò ní nǹkan tó ń ṣe, ó sì ní òun kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ "búréèkì wà láàárín" sínú ìwé rí. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi yí pápá ńlá kan po. Ẹ̀rín Awakọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kì í ṣe gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó ń jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ṣe bá wọn lójú pópó. Tíṣà jókòó gán-án-gán, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú, ó ń lọ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Bọ́ọ̀sì kan ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Onílẹ̀kùn sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òwú funfun wà lápá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́.

"Tíṣà," ló wí, kò la ojú. "Yà fún un kó kọjá."

"Kó fò kọjá bó bá lè fò. Ẹ sùn jàre."

Ó rẹ́rìn-ín nínú oorun, ó tẹ orí sí ẹ̀yìn àga. Tíṣà tan iná ọ̀tún, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó tún wo ẹ̀yìn, ó sì rọra yà.